Firmin Tó Ń Fi Rósárì Ṣọ́ Ẹ̀jẹ̀

Wọ́n ní olóògbé Firmin Lábọ̀dé, tó ń di egbò fún wa nílé ìwòsàn Kétu lọ́dún kejì òmìnira, máa ń gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn sínú ìgò, á sì gbàdúrà lé e lórí títí ẹni tó ni ín yóò fi di ẹrú rẹ̀. Ọmọ ìjọ tó mọ katikísìmù ni mí, n kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ gba oògùn ibà níbẹ̀, abẹ́ ìró ni ọwọ́ mi máa ń wà.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Firmin fẹ́ mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ tó dì. Kò ní aago, ló bá ń fi rósárì ka àkókò. Á gún ọ lábẹ́rẹ́, á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré, á bẹ̀rẹ̀ “Mo kí ọ Màríà”. Kó tó pé ogójì, ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa á ti dì bí ẹ̀kọ tútù.

Fada ránṣẹ́ pè é. “Firmin, ṣé Ìyá Olúwa lo wá sọ di aago?”

“Fada, tiyín ti kú láti ọdún Àjíǹde. Tèmi ò tíì dúró rí.”

Sàídù tó ń ta aṣọ ní wọn ò ní fi àdúrà onígbàgbọ́ ka ẹ̀jẹ̀ òun. Tẹ̀sùbáà ló fi kà á, kíákíá bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ó di igba ó lé ọgọ́rin kó tó dì. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ káàkiri ọjà pé ẹ̀jẹ̀ mùsùlùmí fi ìlọ́po méje lágbára ju tiwa lọ.

Nígbà tí màlúù ta Firmin nípàá, tí ẹ̀jẹ̀ dì sítan rẹ̀, àràárọ̀ ló ń fi pẹ́ńsùlù fa ilà yí etí ibi tó dúdú náà ká, bó ṣe ń kéré sí i. “Ẹ wò ó, ó ń yọ́. Ọlọ́run tó fi ohun tí ń dì í sára wa ló tún fi ohun tí ń yọ́ ọ síbẹ̀.” Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń fi hàn wá. Clémence ìyàwó rẹ̀ ní, “A ti gbọ́ ti Ọlọ́run. Ẹ wọ ṣòkòtò.”

Victorine ni kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin méjì ló ti bí nílé ọkọ rẹ̀ ní abúlé Odomèta; ọjọ́ tí wọ́n kọlà fún wọn ni ẹ̀jẹ̀ ò dá mọ́, àwọn méjèèjì kú. Pierre tó ń kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wa níwèé báyìí ni ìkẹta. Ó pé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, olóòlà ti gbé ọ̀bẹ sórí ẹní, ni Victorine bá ránṣẹ́ sí Firmin.

Firmin gún ọmọ náà ní gìgísẹ̀, ó gba ẹ̀kán díẹ̀. Ó ka rósárì tán, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú ìgò bí omi. Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi náà ni.

“Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń dì. Ẹ má kọlà fún un.”

“Nínú agbo ilé yìí?” Bàbá Èṣùgbàyí, olórí ilé, ló ń sọ̀rọ̀. “Ta ni yóò fún un níyàwó?”

“Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wà láàyè, n ó bá a wá ìyàwó.”

“Bóyá o sáré gbàdúrà ni.”

“Bàbá, ẹ sùn, ẹ jí, mo ṣì ń kà.”

Bàbá bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn baba ńlá tó kọlà tí wọn ò kú. Firmin kọjú sí Victorine: kí wọ́n má gún ọmọ náà níbikíbi, kí wọ́n má jẹ́ kó ṣubú.

Bàbá ti dé orí baba ńlá kẹfà nígbà tí Firmin dìde. Ó mú ọ̀bẹ olóòlà lórí ẹní, ó fi áńkáṣíìfù wé e, ó tì í bọ àpò. “Fún ọmọ lọ́mú,” ló wí, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde. Bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ.