Àwọn Àlejò Inú Ìwé Ìkànìyàn

Ní 1992, kò sí ẹni tó fẹ́ rán aṣọ ní Race Course, ní Kumasi nílẹ̀ Ghana, tí kò mọ Nímátù aránṣọ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ sì mú jù ú lọ. Kumasi ni wọ́n bí i sí, Kumasi ló ti bímọ tirẹ̀, yàrá kan ló sì ní nílé bàbá àgbà wọn ní Ashanti New Town.

Yàrá yìí ni Sànúsí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, fẹ́ gbà kó lè fi ayálégbé sí i. Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìsinmi ò bá a lára mu. Ó wá ẹ̀dà ìwé ìkànìyàn ayé òyìnbó rí, ó jókòó ti àwọn lẹ́tà ẹyọ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ títí ó fi mọ ìtumọ̀ wọn. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó pe ẹbí jọ síwájú Baba Jímọ̀h, olórí ẹbí.

"H ni olórí ilé, bàbá àgbà wa. W ni ìyàwó rẹ̀." Ó fìka lé ìlà kan. "Níwájú orúkọ Nímátù, V ni wọ́n kọ. V, àlejò ni. Ìyá rẹ̀ gbé e wá kí wa ni. Wọn ò kàn tètè lọ."

Baba Jímọ̀h ò wojú Nímátù mọ́. Ìwé òyìnbó kúkú ni. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

"Daabi! Rárá o!" Ìyá Bákàrè, àbúrò bàbá àwọn méjèèjì, ló kígbe. "Sànúsí, ta lo rò pé ó dá ẹni tó wá kà wá lóhùn? Èmi ni, wallahi! Ọmọkùnrin Fante kan ló wọlé, ó ní kí n ka àwọn ọmọ ilé fún òun. Ṣé wọ́n ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni? Mo ní àlejò ni gbogbo wọn, ọ̀la ni wọ́n ń lọ."

"Gbogbo wọn?" Nímátù yíjú sí Sànúsí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìlà tiyín fún wa."

Sànúsí ní ojú òun ò ríran dáadáa. Ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí V Nímátù kedere! Baba Jímọ̀h gba ìwé náà, ó gbé e súnmọ́jú, ó gbé e jìnnà. V wà níwájú orúkọ Sànúsí, ó tilẹ̀ tóbi ju ti Nímátù lọ.

"Ó dáa," ni baba wí. "Kí gbogbo àlejò dìde, kí wọ́n máa lọ."

Kò sẹ́ni tó mira.

Nígbà tó yá, Sànúsí rọra ká ìwé rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun lómi mu. Nímátù ló bù ú wá. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ìgbà wo lẹ ń lọ?"