Nígbà Tí A Sọ Àwọn Oníbàárà Di Nọ́ńbà

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù tíì oníhóró tó wà ní Ìbà, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń se hóró ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ mi. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. A ó sè é títí yóò fi dẹ̀, a ó rẹ ẹ́ sínú omi ṣúgà, a ó wá dà á sísàlẹ̀ ife kí tíì tútù tó wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Màdáámù tó ni ṣọ́ọ̀bù ní kí n kọ́kọ́ há orúkọ ọmọ àwọn oníbàárà sórí ná.

"Ìyá Tọ́pẹ́ kì í fẹ́ ṣúgà. Ìyá Ràṣídà, hóró ni tiwọn. O ò gbọdọ̀ ṣì wọ́n pè o."

Mo há a sórí. Èrò ń wọ́ wá, àní láti Òkókómáíkò pàápàá.

Àfi ìgbà tí Màdáámù lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Lẹ́kí, tó rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà pe èèyàn. Ó kó káàdì onínọ́ńbà bọ̀. Ó ní ọ̀làjú ti dé, ẹni tó bá tún pe oníbàárà lórúkọ ọmọ, kó máa lọ sílé bàbá ẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni mo sì fi ń tọ́jú ara mi nílé ìwé.

Bí ìwà wa ṣe bàjẹ́ nìyẹn. A ò kí èèyàn mọ́. Àgbàlagbà á wọlé, a ó na káàdì sí wọn bíi pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n wá gbà. Ìyá Tọ́pẹ́ wo tiwọn, wọ́n ní àwọn ò ṣàìsàn, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Bàbá Ṣùbọ́lá wọlé. Onílé ni wọ́n, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́. Eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu wọn ni wọ́n fi ń bá hóró wa jà lójoojúmọ́.

"Nọ́ńbà fáìfù," mo pè.

Wọ́n ń wo àjà.

"Bàbá, ẹ̀yin ni."

"Èmi ni kí ni?"

"Ẹ̀yin ni nọ́ńbà fáìfù."

"Bàbá tìẹ ńkọ́? Nọ́ńbà wo ni wọ́n?"

Mo pe síìsì, mo pe sẹ́fínnì, mo pe éètì. Kò sẹ́ni tó dáhùn; gbogbo wọn ń bá Bàbá wo àjà. Ife mẹ́rin tò sórí káńtà, yìnyín ń yọ́. Ojú tì mí débi pé ẹkún ń gbọ̀n mí. Mo gbé ife Bàbá, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá Ṣùbọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, tíì yín rèé."

Bí mo ṣe ní kí n dìde, Màdáámù ló dúró lẹ́yìn mi.

"Kí lo pè wọ́n?"

Bàbá ló dìde, wọ́n gbé káàdì sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. "Nọ́ńbà fáìfù ló pè mí. Èmi sì ni."

"Èmi ni síìsì," obìnrin kan wí lẹ́yìn wọn. Sẹ́fínnì dìde. Éètì náà dìde, bẹ́ẹ̀ ọmọ ń mu ọmú lọ́wọ́ ẹ̀.

Màdáámù wo Bàbá, ọ̀rẹ́ bàbá tó bí i lọ́mọ, tí wọ́n na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. "Ẹ dákun sà, ẹ fún mi ní káàdì yẹn."

Wọ́n ní kó kọ́kọ́ pe àwọn dáadáa ná.

"Bàbá Ṣùbọ́lá."

"Ẹ̀ẹ̀n, ọmọ mi," wọ́n dáhùn, wọ́n sì na káàdì náà sí i.