Ìpékeré Tí Mo Rà Lọ́wọ́ Ara Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, inú yàrá ni mo sá pamọ́ sí tí mo fi ń kọ èyí.

Ọkọ mi ṣe áàpù kan fún mi tí mo fi ń ta ìpékeré ní Agbowó. Ó fi nǹkan kan tó ń pè ní webhook so ó mọ́ Wásáàpù. Bí ẹnì kan bá ti rajà, áàpù náà á fúnra rẹ̀ fi ohun tó rà àti ọ̀rọ̀ tó kọ ránṣẹ́ síbẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ó pè mí láti ibi iṣẹ́ pé kí n dán an wò. Mo ra ìpékeré kan. Níbi tí oníbàárà ti ń kọ̀rọ̀ sí, mo kọ ọ́ pé: "Olówó orí mi, tètè wálé, àárò rẹ ń sọ mí. O dùn ju ìpékeré lọ."

Mo rò pé òun nìkan ló máa rí i. Àṣé gúrúùpù ẹbí rẹ̀ ló darí ẹ̀ sí, kí wọ́n lè máa rí i bí ọjà mi ṣe ń tà!

Èmi tí mi ò tíì lè gbójú sókè wo ìyá ọkọ mi!

Mọ́mì ló kọ́kọ́ fèsì: "Ìyàwó mi, ṣé bó o ṣe lẹ́nu tó báyìí lo ṣe ń dákẹ́ lọ́dọ̀ mi? Mo ti ń rò pé o ò fẹ́ràn wa ni. Lọ́la, gbé ẹnu yẹn wá sílé wa ní Apẹtẹ. Gbé ìpékeré dání."

Ọkọ mi ní òun máa yọ gúrúùpù náà kúrò lára áàpù kíákíá. Mo ní kó fi í síbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, ẹ gbà mí: kí ni kí n kọ́kọ́ sọ tí mo bá kúnlẹ̀ lọ́la?