Omi Àmù Ìyá Ẹ̀yìnkùlé

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó délé lónìí, síbẹ̀ mo da omi òjò tó dúró sínú korobá nù. Bó ṣe kan sìmẹ́ńtì gbígbóná, òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí agboolé wa ní Pópó Àgùdà.

Lọ́jọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tíṣà kọ́ wa pé inú omi tó bá dúró ni ẹ̀fọn ń yé sí, pé ọmọ gidi a máa tọ́jú àyíká rẹ̀. Bí mo ṣe délé ní ọ̀sán, mo ṣí àmù ìyá arúgbó tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Tanwíji ń jó nínú rẹ̀. Mo fi gbogbo agbára tì í, omi tútù náà sì ṣàn lọ sí gọ́tà.

Ìyá jáde pẹ̀lú kẹ́tù àlùwàlá lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ kírun alásárì.

"Ta ló da omi mi nù?"

"Èmi ni, mà. Kòkòrò wà nínú ẹ̀. Tíṣà wa ló ní ká máa dà á nù."

Wọ́n wo ilẹ̀ tútù náà títí. "O ṣeun, ọmọ mi."

Wọ́n ká òṣùká, wọ́n gbé garawa, wọ́n jáde. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, inú mi ń dùn.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé omi ẹ̀rọ ò yọ ládùúgbò wa lọ́sẹ̀ yẹn, pé Apọ́ngbọ̀n ni ìyá fẹsẹ̀ rìn dé kí wọ́n tó rí omi pọn.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bu omi fún.

"Gbà, mu. Èyí ò ní kòkòrò."

Mo mu ún tán, mo tún ní kí wọ́n bu sí i.