Ìpàdé Lórí Àwọn Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ Lẹ́bàá Géètì

School wa fẹ́ ṣàtúnṣe o, ẹ bá wa yọ̀.

Láàárọ̀ yìí ni ọ̀gá àgbà pe gbogbo àwa tíṣà sí ìpàdé: kí la máa ṣe tí àwọn ọmọ tó ń ti Ajegunle wá ò fi ní máa fìdí rẹmi mọ́?

Lẹ́yìn wákàtí kan gbáko, ọ̀gá ní, "Ìṣòro wọn ni pé wọn kì í jókòó sí kíláàsì."

Mo yọjú lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ ọ̀hún rèé lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá géètì, wọ́n di bàtà sínú nylon. Omi ló gba àdúgbò wọn, ni wọ́n bá pẹ́ dé. Òfin wa sì ni pé ẹni tó bá pẹ́ á kúnlẹ̀ títí di break.

Mo ní, "Mà, àwọn tí à ń sọ ló kúnlẹ̀ síta yẹn o."

Inú ọ̀gá dùn. "Ó mà dáa o! Ẹ lọ yà wọ́n ní fọ́tò, a máa lò ó síwájú ìwé ètò àtúnṣe wa. Ẹ ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n rẹ́rìn-ín."

Mo lọ yà wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa.

Lẹ́yìn náà, wọ́n padà kúnlẹ̀.

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ta gan-an ló yẹ kó kúnlẹ̀ nínú wa?