Mọ́tò Tí Kò Gbàgbé Ọwọ́ Òsì

Ọkọ mi ni Rahmon Fàsásì, káfíńtà ni, Alápẹ̀rẹ̀ la sì ń gbé. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é. Ẹ jọ̀ọ́, nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí, "ó" ló tọ́ sí i.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1972, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi apá òsì títì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Gbogbo ayé gbà. Mọ́tò wa nìkan ni kò gbà. Ó ti gbó kó tó dọ́dọ̀ wa, ibi yòówù kí ọkọ mi dorí rẹ̀ kọ, òsì ló máa ń yà sí, síwájú àwọn lọ́rì tó ń bọ̀.

"Kò tíì mọ́ ọn lára ni, Ìyá Ajarat," ni ọkọ mi máa ń wí. "Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń gba òsì. Ṣé pákó tó bá ti tẹ̀ máa ń tọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni?"

Ẹ gbọ́ o! Ó sì ń tọ́ ọ sọ́nà lóòótọ́. Tó bá ti kírun àárọ̀ tán, á gbé e jáde sí títì Ìkòròdú, á máa fi tagbáratagbára fa sítíárìn sí ọ̀tún, á máa bá irin sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ nílé kéú. Àwọn aládùúgbò ń kan sáárá sí i pé ó ní sùúrù. Inú ń bí èmi ní tèmi.

Kì í ṣe pé mò ń wá ìjà. Oyún ni mo ní, ó sì ti wọ oṣù rẹ̀. Nígbà tí mo bí Ajarat, díẹ̀ ló kù kí n kú. Dókítà ti kìlọ̀ pé ọsibítù ní Yábàá ni kí n bí èyí sí, mọ́tò yìí ló sì máa gbé mi débẹ̀.

"Bí ẹ ò bá gbé e lọ fún mẹkáníìkì," mo ní, "ilé ni màá bímọ sí, ẹ̀yin lẹ ó sì gbẹ̀bí ẹ̀."

Ìyẹn ló wọ̀ ọ́ létí. A gbé e lọ bá Adékọ̀yà, mẹkáníìkì kan ní Ìkòsì. A ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé ọwọ́ òsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n wo abẹ́ ẹ̀ ná," ni Adékọ̀yà wí. Ó ní kí n jókòó sídìí sítíárìn, kí n máa yí i sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀, òun sì wọ abẹ́ mọ́tò lọ. Mo yí i. Sítíárìn ń yí, táyà ò mira.

"Búṣì ẹ̀ ló ti jẹ tán!" ló ké láti abẹ́.

Búṣì ni rọ́bà tó di àwọn irin sítíárìn mú kí wọ́n má baà máa mì. Èyí tó yọ jáde ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Adékọ̀yà fi omi ọṣẹ pa tuntun lára, ó tì í wọlé, ó fi òòlù gbá a jẹ́jẹ́, ó sì dè é le.

"Ṣé ẹ wá rí i?" mo bi ọkọ mi.

Ó ní, "A jẹ́ pé rọ́bà ni kò gbàgbé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìrọbí mú mi. A wọ mọ́tò, a bọ́ sí títì. Mọ́tò ń lọ tààrà. Ọkọ mi ni kò lọ tààrà. Fífà sí ọ̀tún ti mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára, ó sì ń fà á lọ. Díẹ̀ ló kù ká wọ gọ́tà ní Ọjọ́ta.

"Ẹ má fà á mọ́! Ó ti dáa!"

"Mo mọ̀," ló wí, ó tún fà á.

Omijé bọ́ lójú mi, ìbínú ló fà á, kì í ṣe ìrọbí. Mo na ọwọ́, mo di sítíárìn mú, mo ń fà á padà sójú ọ̀nà. Tí ìrora bá dé, màá dì í mú le sí i. Báyìí la ṣe dé Yábàá.

Nọ́ọ̀sì méjì sáré jáde, wọ́n gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan wo ọkọ mi tó ń làágùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Daddy. Ẹ̀yin lẹ wà á wá?"

"Èmi ni," ni ọkọ mi dáhùn. "Sùúrù ló gbà."

Mo la ẹnu láti sọ tèmi, àmọ́ ọmọ ti ń bọ̀, igbe nìkan ló jáde.