Àmín Tó Ń Lé Oògùn Màmá Mi Jáde

Ẹ gbà mí o, àdúrà Màmá mi ni kò jẹ́ kí oògùn wọn ṣiṣẹ́.

Láàárọ̀ yìí ni ikọ́ fée wọn tún dé. Láti ìta yàrá ni mo ti ń gbọ́ àyà wọn tó ń súfèé, wọn ò sì lè sọ gbólóhùn kan parí. Mo gbé wọn lọ sí kíliníìkì kan ní àdúgbò wa, Logan Town níbí.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ àyà wọn. Ó ní atẹ́gùn ń wọlé, ṣùgbọ́n kò rọ́nà jáde, ó há sínú ẹ̀dọ̀fóró.

"Old Ma, ṣé ẹ ń fa oògùn yín?"

"Mò ń fà á... kò kàn... gbọ́ tèmi."

"Ẹ fà á kí n rí i."

Màmá yọ inhaler wọn, agolo kékeré tí wọ́n fi ń fa oògùn sínú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́nu, wọ́n fà á, lójú ẹsẹ̀ wọ́n ní, "Lórúkọ Jésù, Àmín." Oògùn bá rọra rú jáde lẹ́nu wọn bí èéfín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń bá wọn ṣe Àmín yẹn.

Nọ́ọ̀sì ní tí wọ́n bá ti fà á, kí wọ́n pa ẹnu dé títí wọ́n á fi kà dé ẹ̀wá lọ́kàn, kí oògùn lè dúró sínú.

"Láìgbàdúrà... kẹ̀?"

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ gbàdúrà ṣáájú. Èmi á fi ìka kà á. Tó bá pé mẹ́wàá, ẹ ṣe Àmín."

Nígbà tí ìka pé mẹ́wàá, Àmín tí wọ́n ṣe, gbogbo àwọn tó jókòó níta ló dáhùn.

Nígbà tó yá, súfèé náà rọlẹ̀. Màmá wò mí: "Ìwọ ọmọ yìí, o mọ̀ọ́mọ̀ ń kà á díẹ̀díẹ̀ kí oògùn lè pẹ́ lẹ́nu mi."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ parí lónìí nìyẹn.

Báwo ni àwọn ìyá tiyín ṣe ń lo oògùn nílé?